Ọkọ̀ Mi Ń Kú Bí Mo Bá Ti Gbé Ẹsẹ̀ Kúrò Lórí Iná: Ṣé Kí N Ra Bréènbọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Camry 2008 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, bí mo bá dé ìkóríta tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ́ńjìnì á gbọ̀n, á sì kú. Bí mo bá tan AC, ó ń burú sí i. Bí mo bá tún un sítáàtì, á dáhùn. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, síbẹ̀ kò yí padà. Ó ní bréènbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ló kù. Nígbà kan tí mo ń bọ̀ láti Èkó, mo tẹ iná, ọkọ̀ kò dá mi lóhùn, ó kàn ń wọ́ bí ìgbín, iná ẹ́ńjìnì sì tàn níwájú mi. Mo dúró, mo pa á, mo tún un sítáàtì, ó sì lọ. Àtìgbà tí mo ti ra bátìrì tuntun ni n kò ti gbádùn ọkọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ra bréènbọ́ọ̀sì náà?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú ìdààmú ọkọ̀. Ẹ má ra bréènbọ́ọ̀sì kankan. Ẹ má tíì ra ohunkóhun mọ́ rárá, ó kéré tán títí ẹ ó fi ka ìdáhùn yìí tán.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín ni mo dì mú. Ẹ ní àtìgbà tí ẹ ti ra bátìrì tuntun. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàròyé lásán, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ, n kò rí èyí tó ṣe pàtàkì tó o. Ó dà bíi pé mẹkáníìkì yín kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀yin kò rò pé ó yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí bátìrì fi lè sọ ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa di èyí tó ń kú ní ìkóríta.

Ẹ́ńjìnì ń mí. Afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú máa ń gba inú ihò kan kọjá, ibẹ̀ la ń pè ní tírótù. Ìdérí pẹlẹbẹ róbótó kan wà nínú ihò náà tó ń yí bí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá tẹ iná, ìdérí á ṣí, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé, bréènbọ́ọ̀sì á sì fọ́n epo tó bá afẹ́fẹ́ náà mu. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìdérí á fẹ́rẹ̀ẹ́ padé pátápátá. Àlàfo bíńtín tó kù ni ẹ́ńjìnì fi ń mí nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú kan. Ìyẹn ni àwa mẹkáníìkì ń pè ní sílóò. Nínú ẹ́ńjìnì lítà 2.4 tó wà nínú Camry yín, bó bá ti gbóná tán, nǹkan bí 600 sí 700 ló yẹ kí ó máa yí ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá wálẹ̀ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní agbára tí yóò fi gbé ara rẹ̀ yí, á kú.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, Peugeot 504 ló kún ilé iṣẹ́ ọ̀gá mi. Skúrù kan wà lára kábúrétọ̀ wọn. Bí sílóò bá wálẹ̀, a ó fi skúrúdíráfà yí i díẹ̀, a ó máa tẹ́tí sí ohùn ẹ́ńjìnì títí yóò fi dúró dáadáa. Skúrù yẹn kò sí lára ọkọ̀ yín. Bréènbọ́ọ̀sì ló ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó ń fi mọ́tò iná kékeré kan ṣí ìdérí tírótù, ó ń fi í padé.

Ìṣòro ibẹ̀ nìyí. Èéfín ọ́ìlì tó ń padà bọ̀ láti inú ẹ́ńjìnì máa ń lẹ̀ mọ́ etí ìdérí náà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dúdú tí yóò sì nípọn bí ọ̀dà. Àlàfo bíńtín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Bréènbọ́ọ̀sì rí i pé sílóò ń wálẹ̀, ó ṣí ìdérí náà díẹ̀ sí i. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣí i díẹ̀. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó sì ń fi ẹ̀kọ́ náà pa mọ́ sínú ìrántí rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ló ti ń bá yín bo ìdọ̀tí yìí mọ́lẹ̀ tí ẹ kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú bátìrì àtijọ́, iná kúrò lára bréènbọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn pa rẹ́. Ó padà sí ìwọ̀n tí wọ́n fún un láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde, ìwọ̀n tírótù tó mọ́ tónítóní. Tírótù yín kò mọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ìdérí padé sí ìwọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ kò tó, ẹ́ńjìnì gbọ̀n, ó kú. AC ń mú un burú sí i nítorí pé ẹ́ńjìnì kan náà ló ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC. Ẹni tí kò rí èémí tó, wọ́n tún gbé ẹrù lé e lórí.

Nínú ọkọ̀ tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò pọ̀, bréènbọ́ọ̀sì á tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara ọkọ̀ á sì balẹ̀. Tiyín ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdọ̀tí rẹ̀ ti pọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé kó yọ rọ́bà ńlá tó so ilé fíltà afẹ́fẹ́ mọ́ tírótù, kó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ibẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bá a wò ó. Bí ẹ bá rí dúdú yí etí ìdérí náà ká, ọwọ́ ti ba nǹkan. Èròjà oníkáànù tí wọ́n ń fọ́n sí tírótù wà lọ́jà, òun ni kí ó lò pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ tí òwú kì í já lára rẹ̀. Kì í ṣe bẹntiróò àti búrọ́ọ̀ṣì onírin o. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tírótù tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin há lára, kò tún padé bó ṣe yẹ mọ́ títí tí wọ́n fi jù ú nù. Kí kọ́kọ́rọ́ má sì sí lójú ihò rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é, nítorí pé eyín ike tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń yí ìdérí yẹn. Bí iná bá wà lára rẹ̀ tí ènìyàn fi ìka tì í tipátipá, eyín náà lè kán. Bó bá parí, kó tú orí bátìrì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó dá a padà, kó sítáàtì ọkọ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan iná. Kó pa AC, rédíò àti iná gbogbo, kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ títí yóò fi gbóná. Lẹ́yìn náà kó tan AC, kó tún fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bréènbọ́ọ̀sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun nígbà yẹn. Òǹkàwé mi, sùúrù yìí ni ọ̀pọ̀ wa kì í ní. A ó fọ tírótù tán, a ó tẹná kíkankíkan lójú ẹsẹ̀, a ó wá ní fífọ̀ kò ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí tí ọkọ̀ ṣì ń kú, kí wọ́n wá ibòmíràn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Rọ́bà ńlá yẹn gan-an máa ń là lábẹ́, níbi tí ojú kì í tètè rí. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ wà ṣáájú rẹ̀; afẹ́fẹ́ tó bá gba ojú ìlà náà wọlé, sẹ́ńsọ̀ kò rí i, bréènbọ́ọ̀sì kò sì ní fún un lépo. Skánà, ẹ̀rọ tí a fi ń ka ẹjọ́ tó wà nínú bréènbọ́ọ̀sì, máa ń kọ nọ́ńbà P0171 fún irú èyí, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Eruku ọyẹ́ náà ń ba sẹ́ńsọ̀ yẹn jẹ́, pàápàá lára ọkọ̀ tí wọ́n ti fi fíltà ayédèrú sí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè ìgbà tí ọkọ̀ ń kú kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tiyín ń kú bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó sì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀ kì í sábà hùwà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń béèrè epo púpọ̀ ni àárẹ̀ pọ́ǹpù máa ń hàn, bí ìgbà tí ẹ bá ń gun òkè tàbí tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀. Géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára epo kò wọ́n. Nǹkan bí 44 sí 50 psi ló yẹ kó kà lára ẹ́ńjìnì yín. Ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó pààrọ̀ pọ́ǹpù yín? Bí wọ́n bá ṣì tọ́jú ti àtijọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Pọ́ǹpù tó wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sàn ju ọ̀pọ̀ tuntun tó wà lọ́jà lọ.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ máa ń kú lẹ́yìn tó bá ti rìn jìnnà tó sì ti gbóná, tí kò ní dáhùn àfi bó bá tutù fún bí ogún ìṣẹ́jú, sẹ́ńsọ̀ tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní “kick sensor” ni ọkàn mi ó kọ́kọ́ lọ. Òun ló ń sọ fún bréènbọ́ọ̀sì pé ẹ́ńjìnì ń yí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ máa ń já bí ooru bá mú un, á sì tún padà so bó bá tutù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo tán ló ń kú, fáàfù tó ń fa èéfín epo láti inú táǹkì ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí ẹ sì dẹ́kun kíkún táǹkì dé ẹnu. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ ra epo níbì kan ni gbogbo nǹkan dàrú, ẹ fura sí epo náà. Ẹ ó rántí February 2022, nígbà tí epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí àjọ tó ń mójú tó epo rọ̀bì sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló wọ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì lóṣù yẹn.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní May 2023, tí epo fò sókè dé nǹkan bí náírà 488 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí kò sì dúró síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wakọ̀ pẹ̀lú iná epo títàn lójoojúmọ́. N kò dá wọn lẹ́bi, owó ni kò sí. Ṣùgbọ́n inú epo ni pọ́ǹpù ń gbé, epo náà ló ń mú un tutù. Bí epo bá wà nísàlẹ̀ táǹkì ní gbogbo ìgbà, pọ́ǹpù ń gbóná, ó sì ń fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má jẹ́ kó wálẹ̀ ju ìdámẹ́rin táǹkì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọjọ́ tí ẹ tẹ iná tí ọkọ̀ kò lọ. Ọ̀tọ̀ ni ti èyí, òun ló sì bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Kò sí okùn onírin láàárín pẹ́dà iná yín àti tírótù. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lórí pẹ́dà náà. Bí ẹsẹ̀ yín kò bá sí níbẹ̀, ọ̀kan ń rán nǹkan bíi fóltì 0.8 sí bréènbọ́ọ̀sì, èkejì ń rán nǹkan bíi 1.6. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì ń gòkè pọ̀. Bréènbọ́ọ̀sì ń fi ọ̀kan ṣe ẹlẹ́rìí èkejì. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá bára mu, kò mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́, ó sì pinnu pé kí ọkọ̀ má sáré rárá ju kó sáré láìjẹ́ pé ẹ pàṣẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ bí ìgbín. Ó ń dáàbò bò yín ni. Bí ẹ ṣe pa á tí ẹ tún un sítáàtì, ó gbàgbé ẹjọ́ náà, ó sì lọ.

Nọ́ńbà tí skánà bá kà ni yóò sọ ibi tí ẹjọ́ wà. P2138 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ pẹ́dà, P2135 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ ti tírótù. Bó bá jẹ́ P2138, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ẹnu wáyà tó wọ pẹ́dà, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti ta ìpẹtà tàbí kó ti tú. Omi tó ń kán sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lápá awakọ̀ máa ń dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ P2135, tírótù kan náà tí wọ́n fẹ́ fọ̀ ló lè ti ń rẹ̀, fífọ̀ nìkan kò sì ní tó.

Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 2009, ilé iṣẹ́ Toyota ní Amẹ́ríkà kéde pé mílíọ̀nù 3.8 ọkọ̀ ló wà nínú ewu pé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ lè dá pẹ́dà iná dúró ní títẹ̀, Camry 2007 sí 2010 sì wà lára wọn. Ìjàǹbá kan ní àgbègbè San Diego lóṣù August ọdún yẹn, tó pa ènìyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀ Lexus, ló gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ní January 2010 wọ́n tún pe mílíọ̀nù 2.3 padà nítorí pẹ́dà tó ń lẹ̀ fúnra rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni wọ́n ń fi sínú pẹ́dà láti tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ̀sùn kan bréènbọ́ọ̀sì nígbà náà, ìjọba Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ ìwádìí fún NASA, àjọ wọn tó ń rí sí ìrìn àjò ojú ọ̀run, ní February 2011 wọ́n sì sọ pé àwọn kò rí àléébù kọ̀ǹpútà kankan tó lè ṣe é. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Bóyá wọ́n tún ti inú rẹ̀ ṣe kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ìwé kò sábà bá a wá. Nítorí náà, kápẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, kó bá ìwọ̀n ibẹ̀ mu, kó sì há sórí ìkọ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gé nínú rọ́bà lójú títì tí wọ́n ń tẹ́ lé orí ti àtijọ́, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Bí pẹ́dà bá lẹ̀ lórí eré lọ́jọ́ kan, ẹ fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sọ ọ́ di títẹ̀-fífi-sílẹ̀, nítorí agbára tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ á tán. Ẹ gbé jíà sí N. Ẹ́ńjìnì lè pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo. Ẹ wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ tó pa á. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ló kú lórí eré, ìdarí á le lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n yóò ṣì yí bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Bíréèkì náà á fún yín ní ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì tó dáa kó tó le. Ẹ tan iná ìkìlọ̀ méjèèjì, gbé jíà sí N, ẹ gbìyànjú láti tún un sítáàtì bí ọkọ̀ ṣe ń yí lọ. Ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí ìdarí ti ń há.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kàwé yìí wo ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní 2014, General Motors pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 2.6 padà, Chevrolet Cobalt wà lára wọn, nítorí pé ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wọn kò le tó. Bí ìdì kọ́kọ́rọ́ bá wúwo, tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, kọ́kọ́rọ́ á yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, ẹ́ńjìnì á kú, àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba ènìyàn là kò sì ní ṣí. Ikú ènìyàn 124 ni ètò owó gbà-má-bínú wọn fara mọ́. Toyota yín kì í ṣe ọkọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù, ti kíláàsì àti ohun tí a fi ń ṣí ìgò, gbogbo wọn ń fa ojú ihò yẹn wálẹ̀ lórí ọ̀nà wa tó kún fún kòtò.

Nípa mẹkáníìkì yín, n kò ní kí ẹ lé e. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwa oníbàárà máa ń san owó páàtì, a kì í fẹ́ san owó àyẹ̀wò. Bí mẹkáníìkì bá lo wákàtí méjì láti wá ìdí, tó ní kí ẹ san owó wákàtí yẹn, a ó bínú pé kò ṣe nǹkan kan. Bó bá ra pọ́ǹpù, a ó sanwó láìjiyàn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ wọn láti máa fi páàtì ṣe àyẹ̀wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ sọ fún un kí ó tó fọwọ́ kan ọkọ̀ pé ẹ ó san owó àyẹ̀wò, ẹ sì dárúkọ iye rẹ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ bátìrì fún un. Kí ó fi skánà kà á níṣojú yín, kí ẹ sì kọ gbogbo nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀ lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́, torí bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ẹ̀rí ọjọ́ tí ọkọ̀ wọ́ bí ìgbín lọ́nà Èkó ti lọ nìyẹn. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi, ẹ sì sọ bí tírótù ṣe rí nígbà tí ẹ yọ rọ́bà rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má gbé ọkọ̀ náà lọ sí Èkó.